Ẹ̀bẹ̀ Wa sí Ọmọ Ìbàdàn Nílé àti Lẹ́yìn Odi: Káńsù Mọ́kànlá, Ààtàn Mẹ́rin

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin Mọgàjì àti Baálẹ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tẹ́ ẹ wà nílé, àti ẹ̀yin tí ìwá-jíjẹ-mímu gbé dé Èkó, Àbújá, Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti ibi gbogbo, ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí la fẹ́ bá yín sọ. A mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń fẹ́ gbọ́ níbi àpèjẹ, àmọ́ ẹgbẹ́ wa ti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà, lórí ilé-ìwé, lórí oyè, ìdọ̀tí ló kù tí a ò tíì jókòó tì.

Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló pín Ìbàdàn mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Márùn-ún wà nínú ìgboro: Àríwá, Àríwá-Ìlà-Oòrùn, Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn, Gúúsù-Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn. Mẹ́fà yòókù yí wọn ká: Akínyẹlé, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà. Inú ìgboro ni Bódìjà wà, ibẹ̀ ni Ojé wà, ibẹ̀ ni Dùgbẹ̀ wà. Ibẹ̀ náà ni èèpo iṣu, ewé, páálí àti ọ̀rá omi ti ń jáde lálaalẹ́. Ṣùgbọ́n ààtàn ńlá mẹ́rin tí ìjọba ń lò, kò sí ọ̀kan nínú ìgboro. Awótan, lọ́nà Apẹtẹ, wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó. Lapite, lọ́nà Ọ̀yọ́ téèyàn bá ti kọjá Móníyà, wà lábẹ́ Akínyẹlé. Ajakanga wà ní Olúyọ̀lé, Abà-Eku sì wà ní Ọ̀nà-Àrà. Káńsù márùn-ún ń da ilẹ̀ jọ, káńsù mẹ́rin ló ń gbà á sílé. Ẹ wá sọ fún wa, alága wo ló lè dá ọ̀rọ̀ yìí yanjú, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó?

Kó tó di 1991, káńsù kan ṣoṣo ló ń bójú tó ìgboro Ìbàdàn. Ọdún yẹn ni wọ́n fọ́ ọ sí márùn-ún. A ò sọ pé ká padà síbẹ̀, ẹni tó ti di alága kò ní gbà, káńsílọ̀ pàápàá kò ní gbà. Ohun tí à ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀, wọn ò rántí pé odò àti ìdọ̀tí kò ṣeé pín.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀nà kan, ká má dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún jẹ́ ti káńsù kan, ẹ̀gbẹ́ òsì jẹ́ ti òmíràn. Àárín títì, lórí kọnkéré tó pín ọ̀nà sí méjì, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ní aago márùn-ún ìdájí, kí wolé-wolé tó jí, ẹ ó rí obìnrin kan tó sọ àpò ìrẹsì mọ́lẹ̀, tó fi ẹsẹ̀ tì í súnmọ́ èyí tó ti wà níbẹ̀, tó sì yára sọdá padà. Ọlọ́mọlanke náà yóò dé, yóò tú tirẹ̀ dà. Bí ọ̀sẹ̀ bá fi máa parí, òkìtì náà ti ga ju mọ́tò lọ. Ẹ bi káńsù ọ̀tún, wọ́n á ní àwọn èèyàn òdìkejì ló dà á. Ẹ bi ti òsì, èsì kan náà ni. Obìnrin yẹn kọ́ ni ọ̀daràn inú ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ kólẹ̀-kódọ̀tí kì í dé àdúgbò rẹ̀, torí ọ̀nà ibẹ̀ kò gba ọkọ̀ ńlá. Bí ọkọ̀ bá sì dé, awakọ̀ yóò máa ṣírò epo tó máa jó dé Lapite. Òmíràn nínú wọn, kò ní dé Lapite. Inú igbó ló máa yà sí lóru.

Òjò ló máa ń bá wa kó èyí tó kù, odò sì ló ń kó o lọ. Àwọn àgbà inú wa ò lè gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya, tó gbé ilé, mọ́tò àti èèyàn. Àwọn ọmọdé ìgbà yẹn ti di àgbà kí irú rẹ̀ tó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, tí ẹ̀mí tó lé ní 100 sì ṣòfò. Òjò náà pọ̀, a gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn sì kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi, a gbà bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó dí abẹ́ afárá, ọwọ́ wa ló ti wá. Lẹ́yìn èyí ni Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí i ní 2014 pé kí wọ́n yá wa ní mílíọ̀nù 200 owó dọ́là, kí a fi tún afárá àti ojú odò Ìbàdàn ṣe. Gbèsè ni. Àwọn ọmọ wa ló máa san án. Bí a bá wá fi ọ̀rá kún ojú odò tí a fi gbèsè tún ṣe, kí la fẹ́ pe ara wa?

Wọ́n ní ààtàn kì í kọ ilẹ̀. Ààtàn lè má kọ̀ ọ́, àmọ́ àwọn tó ń gbé létí rẹ̀ ti ń kọ̀ ọ́. Ẹ lọ sí Awótan nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Èéfín máa ń jáde látinú òkìtì náà láì sí ẹni tó ṣáná sí i, torí ohun tó ń rà nísàlẹ̀ ń mú gáàsì wá. Lórí òkìtì, àwọn ọ̀dọ́ ń ṣa ìgò oníke àti irin sínú àpò, wọn ò wọ ìbọ̀wọ́, ọ̀pọ̀ ò wọ bàtà gidi. Bí òjò bá rọ̀, omi dúdú á máa sun jáde lábẹ́ rẹ̀, á wọlẹ̀, á máa wá ibi tí kànga wà. Adágún omi Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n ṣe ní 1942 kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ ní Pólì Ìbàdàn, Apẹtẹ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Káńsù Ìdó ò sì lè dá ná owó tó máa sọ ibẹ̀ di ààtàn gidi, bẹ́ẹ̀ ìdọ̀tí tó ń pa wọ́n lára, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ wọn wá.

Ààtàn gidi nílò amọ̀ àti ọ̀rá tó nípọn nísàlẹ̀, páìpù tó ń gbá omi dúdú jọ, katapílà tó ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń fi bò ó lójoojúmọ́, àti òṣùwọ̀n ọkọ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Katapílà kan náà lẹ ó rà, ìbáà ṣe ọkọ̀ mẹ́wàá ló ń wá lóòjọ́, ìbáà ṣe ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá dá a ṣe yóò jẹ gbèsè, àwọn tó bá pawọ́ pọ̀ yóò rí i ṣe.

Ohun tí ẹgbẹ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí káńsù mọ́kọ̀ọ̀kànlá fi òfin dá àjọ kan sílẹ̀, tí gbogbo wọn jọ ni. Kí káńsù kọ̀ọ̀kan máa san owó gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ìdọ̀tí tó bá kó wá, kí ìwé òṣùwọ̀n sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Kí ibùdó kékeré wà nínú ìgboro, níbi tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti ọmọlanke yóò ti máa da ẹrù wọn sínú ọkọ̀ ńlá. Kí ìpín kan nínú owó náà máa lọ tààrà sí àwọn abúlé tó gba ààtàn: omi ẹ̀rọ, ilé ìwòsàn, ọ̀nà. Èyí ṣe pàtàkì sí wa ju gbogbo ìyókù lọ. Kí wọ́n sì gba àwọn tó ń ṣa ike síṣẹ́, kí wọ́n má lé wọn.

Àwọn kan á ní ta ló láṣẹ? Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni kíkó ìdọ̀tí dànù. Lọ́jọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì dájọ́ pé owó wọn gbọ́dọ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Nítorí náà, alága tó bá ń sọ pé ọwọ́ òun dè, kó sọ ẹni tó dè é.

Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ò ní sọ pé kò ṣeé ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ní Hackney, ní Tottenham, ní Edmonton, ẹ ti ń gbé nínú rẹ̀. Láti 1986 ni Barnet, Camden, Enfield, Hackney, Haringey, Islington àti Waltham Forest ti ní àjọ kan tó ń jẹ́ North London Waste Authority. Káńsù kọ̀ọ̀kan yan káńsílọ̀ méjì síbẹ̀, Edmonton ni wọ́n sì ń jó ìdọ̀tí wọn. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà nígbà gbogbo, wọ́n sì ń jà. Àmọ́ ọkọ̀ ń kó ilẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ má fi agbọ̀n ìdọ̀tí tí wọ́n kọ orúkọ yín sí ránṣẹ́ mọ́. A ti ní púpọ̀. Ọkọ̀ tó máa tú wọn dà ni kò sí. Ẹni tó bá jẹ́ ẹnjiníà nínú yín, ẹni tó bá mọ̀ nípa ìṣirò owó, ẹni tó ti bá káńsù ṣiṣẹ́ níbi tó wà, ìmọ̀ yín la fẹ́. Ẹ sì bá wa san owó kíkó ilẹ̀ ilé bàbá yín tí ẹnikẹ́ni ò san.

Ẹ̀yin Mọgàjì, ẹ̀yin ni alága ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu ju wa lọ. Bí wọ́n bá wá kí yín nígbà ìbò, ọ̀rọ̀ yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n. Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù àti ìyálọ́jà, ẹ jẹ́ kí àdúgbò àti ọjà yín yan ẹni méjì tó máa tọ̀ wá wá.

Ìwé sí àwọn alága mọ́kọ̀ọ̀kànlá ti wà nílẹ̀. A fẹ́ kí orúkọ agboolé kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀ kí a tó gbé e lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi sì lè gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ka ẹgbẹ́ tó wà lọ́dọ̀ yín fi tiyín ránṣẹ́. Ẹ wá buwọ́ lù ú.

Akọ̀wé, lórúkọ ẹgbẹ́.