Ọ̀rá Kì Í Yọ́ Ọ̀rá

Ẹ kọjá níwájú pápá ìṣeré ìlú Òṣogbo ní ìdájí Sátidé, tàbí kí ẹ wo àwọn tó ń sáré gun òkè ní Iléṣà kí oòrùn tó mú, ẹ ó rí wọn. Tíráàkì tó nípọn ni wọ́n wọ̀, súwẹ́tà tó ní fìlà ni wọ́n gbé lé e, àwọn kan sì ti fi ọ̀rá wé ikùn lábẹ́ aṣọ kí wọ́n tó jáde nílé. Àwọn obìnrin kan a tún fi bẹ́líìtì ikùn gbá ara wọn pinpin bí ẹrù tí wọ́n fẹ́ dì lọ sí Kánò. Òógùn ń dà lára wọn bí ẹni tí òjò pa lọ́nà oko, inú wọn sì ń dùn pé ọ̀rá ń yọ́. Fídíò tó ń kọ́ni ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ yìí kò yéé rìn kiri lórí Wásáàpù. Ẹni tó ní bẹ́líìtì tà ni kì í sì í jẹ́ kó sinmi. Ẹ jẹ́ ká pe irọ́ nírọ́: bí òógùn yín bá kún garawa, kò sí ọ̀rá nínú rẹ̀. Mo tilẹ̀ ń fura pé orúkọ ló da àwọn èèyàn rú. Ọ̀rá là ń pe èyí tó gun ikùn, ọ̀rá náà là ń pe èyí tí wọ́n fi ń di gààrí fún wa lọ́jà Ọba. Bóyá ẹnì kan ló rò pé bí a bá fi ọ̀kan wé èkejì, wọn á jọ lọ sílé ni.

Kí ni òógùn ń ṣe lára? Ẹ bi àmù àwọn ìyá wa. Omi inú àmù a máa tutù ní ọ̀sán gangan láìsí yìnyín, nítorí pé amọ̀ ń làágùn: omi ń sun jáde lára ìkòkò díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́, bó sì ti ń gbẹ ló ń gbé ooru lọ. Ike kì í làágùn, ìdí nìyẹn tí omi inú kẹ́ẹ̀gì fi ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ara wa náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí a bá ń sáré, iṣan ń dá ooru sílẹ̀. Ara tó yẹ kó wà ní ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì a bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, a sì tú omi síta kí afẹ́fẹ́ lè bá a gbẹ ẹ́. Òógùn lítà kan tó bá gbẹ tán lára ń kó ooru tó tó 580 kálórì lọ. Mo ní tó bá gbẹ. Èyí tó kán sílẹ̀, tàbí tó há sínú ọ̀rá, kò kó nǹkan kan lọ. Nítorí náà, ẹni tó fi ọ̀rá wé ikùn sáré ti sọ àmù di kẹ́ẹ̀gì. Ara rí i pé òun kò tutù, ó tún tú omi sí i. Onítọ̀hún rí omi rẹpẹtẹ, ó pè é ní èrè. Awakọ̀ wo ló ń fi aṣọ bo rédíétọ̀, tí á wá máa pàtẹ́wọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń hó?

Bó bá jẹ́ pé òógùn ń gbé ọ̀rá lọ lóòótọ́, kò yẹ ká rí alákàrà kan ṣoṣo tó sanra ní gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn tó ń yan gààrí nínú èéfín láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń fínná, àwọn alágbàfọ̀ tó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ, gbogbo wọn ì bá ti gbẹ bí panla. Ẹni tó jẹ ata rodo ń làágùn. Ata kò tíì sọ ẹnikẹ́ni di pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹni tí ibà ń ṣe ń làágùn mọ́jú. Mọ́ínmọ́ín wà nínú ewé, ó làágùn lórí iná títí ó fi jinná, òróró tí a pò mọ́ ọn kò sì sá lọ síbì kankan. Wọ́n á ní, "Ṣùgbọ́n mo gun òṣùwọ̀n, kílò kan ti lọ." Ó lọ lóòótọ́, omi ni. Piọ́wọ́tà kan jẹ́ ìdajì lítà, ìdajì lítà omi sì jẹ́ ìdajì kílò. Ẹ mu méjì, kílò yín ti padà dé kí ẹ tó délé.

Ibo wá ni ọ̀rá ń gbà jáde? Imú àti ẹnu ni. Ní 2014, Ruben Meerman àti Andrew Brown ti Yunifásítì New South Wales ní Ọsirélíà gbé ìṣirò rẹ̀ jáde: bí ara bá lo ọ̀rá kílò 10 tán, kílò 8.4 ń bá èémí lọ, 1.6 tó kù ló ń di omi. Kí ẹnikẹ́ni má sì dì mọ́ 1.6 yẹn pé òógùn ló ń kó o. Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń jó ọ̀rá kó tó di omi. Òógùn nìkan kò jó nǹkan kan. Ẹ wá wo ẹ̀rín tí bẹ́líìtì ikùn dá sílẹ̀: èémí lọ̀nà tí ọ̀rá ń gbà lọ, èémí náà lẹ fi bẹ́líìtì há mọ́ àyà. Kílò kan ọ̀rá ara ní nǹkan bí 7,700 kálórì nínú. Ẹni tó wúwo tó 80 kílò ń lo nǹkan bí 80 kálórì lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan tó bá sá. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó lé ní kìlómítà 95, bí ẹni tó ti Òṣogbo sáré dé Iléṣà, tó padà, tó tún lọ. Oṣù ni èèyàn fi ń ṣe irú ẹ̀, kì í ṣe àárọ̀ Sátidé kan. Sísá jìnnà láìdáwọ́dúró ló ń jó ọ̀rá, aṣọ tó bá sì jẹ́ kí ẹ lọ jìnnà láì ni yín lára ni aṣọ tó ń fa ikùn wọlé. Ẹni tó di ara rẹ̀ bí ẹ̀kọ a sá díẹ̀, a jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, a máa mí hẹlẹ. Ẹni tó wọ ṣòkòtò péńpé ṣì ń lọ.

Àwọn kan á ní àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíojò kúkú ń wọ aṣọ rọ́bà. Òótọ́ ni, torí àtikọjá lórí òṣùwọ̀n ni; tí wọ́n bá ti kúrò níbẹ̀, omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Irú ẹ̀ sì ti pa àwọn oníjàkadì rí. Láti ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá sí ọjọ́ 9 oṣù kejìlá 1997, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tó ń ja ìjàkadì ní yunifásítì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Amẹ́ríkà ló kú níbi tí wọ́n ti ń wá bí ara wọn yóò ṣe fúyẹ́ kí wọ́n tó jà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wọ aṣọ tí atẹ́gùn kì í gbà jáde sábẹ́ aṣọ òwú, tí wọ́n ń fi ara ṣiṣẹ́ líle níbi tó gbóná. Nínú oṣù kìíní 1998, NCAA tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì níbẹ̀ fòfin de aṣọ rọ́bà náà. Géńdé tó ní olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n o. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá sáré ní Òkè-Fìà ńkọ́, nínú ooru tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti rin gbindin kí òógùn yín tó dà? Bí ooru inú ara bá ti kọjá ìwọ̀n 40, ọpọlọ a dàrú, ẹsẹ̀ a máa gbún ara wọn, ikú kò sì jìnnà mọ́.

Irú ṣòkòtò wo wá ni? Ó yẹ kó ti ọmọ Ìjẹ̀ṣà lójú láti béèrè. Àwọn òṣómàáàló Ìjẹ̀ṣà tó ru aṣọ káàkiri, tí wọ́n tà á láwìn, tí wọ́n lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń mọ aṣọ. Òṣogbo ìlú aró náà mọ aṣọ tó tètè ń gbẹ yàtọ̀ sí èyí tó ń mu omi. Ẹ lo ọgbọ́n yẹn. Aṣọ òwú, kàkí àti jíǹsì ń mu òógùn, wọ́n ń wúwo, wọ́n á wá máa họ itan bí kànìnkànìn. Aṣọ jẹ́sì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í mu ún, atẹ́gùn sì ń gbà á kọjá. Kí ṣòkòtò náà má gùn kọjá orúnkún, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yà díẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè nà, kí rọ́bà ìdí rẹ̀ má fi àpá sílẹ̀. Ẹni tí itan rẹ̀ bá ń bára wọn jà, kó wọ èyí tó lẹ̀ mọ́ itan sábẹ́, tàbí kó fi òrí pa ibẹ̀. Ọ̀kirikà tó mọ́ ń ṣiṣẹ́ yìí dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ ilé-iṣẹ́ gba owó yín. Ẹ sì bọ́ ọ ní kété tí ẹ bá délé. Inú aṣọ tútù ni làpálàpá ti ń rí ilé kọ́.

Àtakò kan wà tó tọ́ ká fi ọ̀wọ̀ dá lóhùn, ti ẹ̀yin tí ìtìjú tàbí ẹ̀sìn kò gbà láyè láti ṣí itan sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ ṣí i. Ní London ní 2012, Sarah Attar sá eré 800 mítà fún Saudi Arabia pẹ̀lú ìbòrí àti aṣọ gígùn. Gígùn kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ aṣọ. Ìnípọn àti àìgbatẹ́gùn ni. Ṣòkòtò gígùn tó fúyẹ́, tó ṣò díẹ̀, ti tó. Ní ti òtútù ọyẹ́ Iléṣà, ẹ sá ìṣẹ́jú márùn-ún, kò ní sí mọ́. Chicago tí Kelvin Kiptum, ọmọ Kenya, ti fi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 sá kìlómítà 42 ní oṣù kẹwàá 2023 tutù ju Iléṣà lọ, ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kí Sátidé tó ń bọ̀ tó dé, ẹ gbé súwẹ́tà yẹn sínú àpótí, ẹ dá bẹ́líìtì padà fún ẹni tó tà á, kí ẹ sì fi ọ̀rá yẹn sílẹ̀ fún gààrí.