Àgbéléwò Tí Kò Sí Nínú Ilé Mọ́

Nígbà tí fíìmù kúrò lójú pátákó gbọ̀ngàn tó wọ inú kásẹ́ẹ̀tì, orúkọ tí Yorùbá fún un ni sinimá àgbéléwò: ohun tí ènìyàn gbé inú ilé rẹ̀ wò. Orúkọ náà bá a mu. Kí kásẹ́ẹ̀tì tó dé, ẹni tó bá fẹ́ wo Ayé tí Olóògbé Hubert Ògúńdé ṣe jáde ní ọdún 1979, àfi kí ó wọṣọ òde, kí ó sì lọ bá fíìmù náà níbi tí wọ́n ti ń fi í hàn. Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì dé, sídì tẹ̀ lé e, fíìmù sì di ohun ìní. À ń tò ó sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, à ń fi yá aládùúgbò, a sì ń bá aládùúgbò jà bí kò bá dá a padà.

Lónìí, bí ẹ bá rìn láti ọjà Ọgbà gba Ìjàyè Road títí dé Agúdà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bá ti ń padà bọ̀ láti Wempco Road àti Oba Akran, fóònù ni ẹ ó rí lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà. Fíìmù Yorùbá ń lọ lójú rẹ̀, ẹ̀rín ń sọ. Ṣùgbọ́n fíìmù náà kò sí nínú fóònù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ilé ẹni tó ń wò ó. Ilé onílé ló wà. Orúkọ àgbéléwò ṣì wà lẹ́nu wa, ìtumọ̀ rẹ̀ ló ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí mi ló là mí lójú. Ní ọdún 1997 tí a ṣe ìsìnkú ìyá àgbà wa, a gba ẹni tó ń ya fídíò, ó sì ya gbogbo rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Bàbá mi, tí òun náà ti di olóògbé báyìí, dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó sì ki oríkì ìyá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi kò mọ ẹlòmíràn nínú ilé wa tó mọ oríkì náà tán. Nígbà tí èbu bẹ̀rẹ̀ sí í bo àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé wọn lọ fún ẹni tó sọ wọ́n di fáìlì kọ̀ǹpútà. Ó wá kó àwọn fáìlì náà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ òkè òkun kan tó ń bá ènìyàn tọ́jú nǹkan lórí ayélujára, ó sì ń san owó lóṣooṣù. Lópin ọdún 2022, nígbà tí ọ̀pọ̀ báǹkì wa dá káàdì náírà dúró fún ìnáwó òkè òkun, owó náà kò lọ mọ́. Wọ́n kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi, kò rí ìwé náà lásìkò. Nígbà tí yóò fi rí i, wọ́n ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Wọn kò jalè, wọn kò purọ́. Àdéhùn tí ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí láìkà ni wọ́n tẹ̀ lé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè ohun tí mo ti kà sí eré àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀: ètò wo ló yẹ kí ènìyàn máa fi tọ́jú fídíò rẹ̀, kí ó sì máa fi wò ó nínú ilé? Àwọn ètò kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju èyí lọ. Ẹ ó kó gbogbo fáìlì yín sórí háàdì kan, ètò náà yóò tò wọ́n bí ìwé ilé-ìkàwé, yóò fi àwòrán àti àkọlé sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì gbé èyí tí ẹ bá yàn sójú tẹlifíṣọ̀n. Orúkọ mẹ́ta ni ẹ ó máa gbọ́ jù: Kodi, Plex àti Jellyfin. Àwọn tó ń fi wọ́n wéra a máa sọ̀rọ̀ nípa ẹwà ojú wọn àti ìyára wọn. Èmi kò ka ìyẹn sí àkọ́kọ́. Ìbéèrè tó yẹ kí ará Ọgbà kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé: lọ́jọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, lọ́jọ́ tí káàdì mi bá kọ̀, ṣé wàá ṣí ilẹ̀kùn fún mi?

Plex ló rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀, n kò ní fi ìyẹn dù ú. Ó lẹ́wà, ó sì wà lórí tẹlifíṣọ̀n oríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni ín ni ẹ ti ń forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó wo fáìlì tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n yín. Ọ̀nà wà tí a lè gbà ṣètò rẹ̀ kí ó má máa béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú ilé, àmọ́ ẹni tó mọ̀ pé ọ̀nà náà wà ló ń tọ̀ ọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé ẹnìkan ti wọ ibi tí wọ́n kó orúkọ àwọn oníbàárà sí, wọ́n sì ní kí gbogbo ènìyàn yí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé wọn padà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2025, wíwo fáìlì ara ẹni láti òde ilé, tó ti jẹ́ ọ̀fẹ́ tẹ́lẹ̀, di ohun tí a ń sanwó fún, owó àsansílẹ̀ títí ayé sì fò láti dọ́là 119.99 sí dọ́là 249.99. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹun lórí iṣẹ́ wọn. Àmọ́ ẹni tó ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ dọ́là fojú ẹ̀gbọ́n mi rí yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Orísun kan náà ni Plex ti wá pẹ̀lú Kodi. Ní nǹkan bí ogún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn kan kọ ètò tí wọ́n fi ń wo fíìmù lórí Xbox, ẹ̀rọ ìṣeré Microsoft. XBMC ni wọ́n ń pè é. Inú rẹ̀ ni Plex ti yọ. XBMC fúnra rẹ̀ sì yí orúkọ padà sí Kodi ní ọdún 2014. Ọ̀fẹ́ ni Kodi, kò sí ibi tí ẹ ó forúkọ sílẹ̀ sí, kò sì bìkítà bóyá íntánẹ́ẹ̀tì wà. Orí ẹ̀rọ tó so mọ́ tẹlifíṣọ̀n gan-an ló ń gbé. Bí ilé bá ní tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, n kò rí ìdí tí a fi ń wá òmíràn.

Jellyfin jẹ́ ti ilé tí ojú pọ̀ sí. Ìtàn rẹ̀ dùn mọ́ mi. Ètò kan wà tó ń jẹ́ Emby, tí gbogbo ayé lè rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018 ni àwọn olówó rẹ̀ pinnu láti ti i pa. Lóṣù yẹn kan náà ni àwọn kan lára àwọn tó ń lò ó mú ẹ̀dà tó gbẹ̀yìn kí wọ́n tó tì í, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ Jellyfin. Orí kọ̀ǹpútà kan ló ń gbé, bí kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ tí ọmọ yín ti pa tì. Láti ibẹ̀, nípasẹ̀ ẹ̀rọ Wi-Fi inú ilé, Màmá lè máa wo tirẹ̀ ní pálọ̀, kí ọmọ máa wo tirẹ̀ lórí fóònù ní yàrá, kí dátà ẹnikẹ́ni má sì dín. Orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ṣe é, inú ilé yín ló wà.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń ta ọjà. Jellyfin ní ìdààmú tirẹ̀. Àwọn tẹlifíṣọ̀n kan wà tí áàpù rẹ̀ kò rọrùn láti gbé sórí wọn, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tí ẹ máa pè bí nǹkan bá bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yín tó wà ní London máa wo fídíò inú háàdì yín láti ibẹ̀, ẹ nílò ẹni tó mọ iṣẹ́, nítorí pé bí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù wa ṣe ń pín ayélujára kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó wà lóde láti kàn ilẹ̀kùn ilé yín tààrà. Ibí yìí ni Plex ti sàn jù ú, mo gbà.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà. Bí fáìlì kan bá wà ní irú tí tẹlifíṣọ̀n kò mọ̀, Plex àti Jellyfin a máa yí i padà lójú ẹsẹ̀ bí ẹ ṣe ń wò ó. Iṣẹ́ ńlá ni fún kọ̀ǹpútà: a máa gbóná, a sì máa jẹ iná. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí owó iná àwọn tó wà ní Band A ti fò láti ₦68 sí ₦225 lórí ìwọ̀n kan, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ẹ̀rọ tó ń gbóná túmọ̀ sí. Tí ẹ̀rọ inverter bá sì ni ẹ ń lò, ẹ tún mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kodi kì í sábà ní wàhálà yìí, torí pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ka fáìlì. Kọ̀ǹpútà alágbèéká dára fún iṣẹ́ yìí ju ti orí tábìlì lọ: kò jẹ iná púpọ̀, bí wọ́n bá sì mú iná lọ, bátìrì tirẹ̀ yóò gbé e dúró títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi dáhùn.

Ẹnìkan yóò ní kí ni gbogbo wàhálà yìí fún, ṣebí YouTube ni fíìmù Yorùbá kún. Òótọ́ ni, èmi náà ń wò ó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni ìjọba fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, ẹ sì mọ iye tí dátà ń jẹ lápò yín láti ìgbà náà. Ní oṣù kìíní ọdún tó ṣáájú ìyẹn ni Amazon Prime Video, tó wá pẹ̀lú ariwo, kéde pé òun kò ní ṣonígbọ̀wọ́ fíìmù tuntun mọ́ ní Áfíríkà. Àlejò tó wá lè lọ. Yàtọ̀ sí gbogbo èyí, bàbá mi kò sí lórí YouTube.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù kì í ṣe yíyan ètò, kíkó nǹkan jọ ni. Sídì fíìmù wa àtijọ́ kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ, ìdí nìyẹn tí fíìmù kan fi ń wá ní sídì méjì. Bí ẹ bá ti sídì bẹ́ẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà, ẹ wo inú àpò fáìlì tó ń jẹ́ MPEGAV. Fíìmù náà wà níbẹ̀, lẹ́tà DAT ló parí orúkọ rẹ̀. Ẹ dà á kọ. VLC, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Paris bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996, yóò ṣí i láìjanpata. Ẹni tí fíìmù rẹ̀ kò ju ogún lọ lè fi mọ sórí VLC nìkan. Sídì méjì tó jẹ́ fíìmù kan, ẹ fi part1 àti part2 parí orúkọ wọn, Kodi àti Jellyfin yóò so wọ́n pọ̀.

Ẹ múra sílẹ̀ fún ẹ̀rín, nítorí àwọn ètò wọ̀nyí a máa wá àwòrán fíìmù lórí àkójọ ayélujára kan tó ń jẹ́ TMDB, wọn kì í sì í mọ àmì ohùn. Ẹ kọ Ayé, wọ́n lè gbé fíìmù àjèjì kan tí ẹ kò rí rí wá fún yín. Ẹ lè fi ọwọ́ yín kọ ìwé kékeré kan tó parí sí NFO sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì náà, kí ẹ fi Yorùbá sọ ohun tí fíìmù náà dá lé, ta ló ṣe é, ọdún wo. Èyí ni ètò náà yóò kà. Ẹnikẹ́ni sì lè fi fíìmù tí kò sí níbẹ̀ kún TMDB. Èyí tí a kò bá kọ síbẹ̀ fúnra wa, òyìnbó kò ní bá wa kọ ọ́.

Kí n tó gbàgbé: àpótí tí wọ́n ti kó ìkanni olè sínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Kodi, kì í ṣe ohun tí mo ń sọ. Kodi fúnra rẹ̀ kò ní fíìmù kankan nínú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ gíga jù ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ pé títa irú àpótí bẹ́ẹ̀ tako òfin. Ẹni tó bá ti gbọ́ igbe àwọn onífíìmù Yorùbá lórí àwọn tó ń ṣe ayédèrú iṣẹ́ wọn kò gbọdọ̀ gbé e wọlé.

Nílé mi ní Ọgbà, Jellyfin ni mo yàn, háàdì méjì ni mo sì ń lò, kí ọ̀kan lè wà bí èkejì bá kú. Kásẹ́ẹ̀tì ìyá àgbà, méjì nínú mẹ́ta ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ̀kẹta, èyí tí ohùn Bàbá wà nínú rẹ̀, wà nínú ọ̀rá lábẹ́ ibùsùn Àǹtí wa ní Abẹ́òkúta. Èbu ti mú un, ṣùgbọ́n kò tíì já. Ẹnìkan wà ní Agúdà tó máa ń fi kásẹ́ẹ̀tì yáni nígbà kan rí, tó wá ń ta káàdì ìpè nísinsìnyí. Ó ní ẹ̀rọ òun ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ orí rẹ̀ fẹ́ fífọ̀. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni Àǹtí yóò gbé e wá.