Ẹ Ka Ìwé Páìpù Náà fún Wa ní Yorùbá

Ìtòkí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni páìpù gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti gba abẹ́ oko àti àbàtà lọ sí etí òkun ní Badagry, tó sì wọnú omi, tó gba Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò kọjá títí dé Takoradi ní Gánà. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 678, ilẹ̀ Ẹ̀gbá sì ni orí rẹ̀ wà. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ tí epo àti gáàsì ń fà bá délẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Ògóni ní ìpínlẹ̀ Rivers la máa ń dárúkọ, bí ẹni pé kò kàn wá.

Ó kàn wá. Lóòótọ́, wọn kì í wa epo ní Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni wá. Abẹ́ ilẹ̀ ni gáàsì ń gbà dé ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Ọlọ́runṣògo ní Pápálantó. Epo bẹntiróòlù tó ń ti èbúté epo Atlas Cove l'Ékòó bọ̀ wá sí ibùdó epo Mósìmí, abẹ́ ilẹ̀ náà ló ń gbà, Arẹ́pò ní Ọbáfẹ́mi-Òwódé sì wà lára ibi tó ń kọjá. Ní Arẹ́pò yìí, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, àwọn tó ń jí epo fà yìnbọn pa òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ epo ìjọba, NNPC, mẹ́ta tí wọ́n wá tún páìpù ṣe. Àwọn ìwé ìròyìn kọ nípa òkú, wọ́n kọ nípa ọ̀wọ́n gógó epo tó tẹ̀lé e. Ta ló kọ nípa omi àbàtà Arẹ́pò àti ẹja inú rẹ̀? Epo tó bá dà sílẹ̀ níbẹ̀, bí iná kò bá jó o tán, ìsàlẹ̀ ló ń wọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi bá omi tí à ń fà nínú kànga.

Kì í ṣe ìtàn àròsọ ni mò ń sọ. Ní ọdún 2011, àjọ UNEP ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ lórí Ògóni jáde. Ní Ogale, ìlú kan ní Ògóni, wọ́n bá epo tó léfòó lójú omi abẹ́ ilẹ̀, tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Májèlé benzene tó wà nínú omi kànga tí àwọn ẹbí ń mu fi ohun tó ju ìlọ́po 900 lọ kọjá ibi tí àjọ ìlera àgbáyé WHO fẹ́ kó mọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí èyí: epo tí wọ́n ti fọ̀ ni, irú èyí tó ń gba páìpù ní ọ̀dọ̀ tiwa, kì í ṣe epo rọ̀bì. Ká tilẹ̀ fi Ògóni sílẹ̀. Bàrúwà ní Ìpájà kò jìnnà sí Ìfọ̀ rárá. Ó ti lé ní ogún ọdún tí epo tó jò láti ara páìpù ti ba kànga jẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fa omi, òórùn bẹntiróòlù ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, epo á sì máa dán lójú omi inú garawa bí òṣùmàrè. Kò ṣe é mu, kò ṣe é sebẹ̀. Omi ni aráàlú ń rà lójoojúmọ́, nígbà tí kànga wà lẹ́yìnkùlé wọn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2006, àwọn ará abúlé 12 kan ní agbègbè Badagry, lábẹ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní Ìfẹ́sowápọ̀, kọ ìwé ẹ̀sùn sí ìgbìmọ̀ olùyẹ̀wò Báńkì Àgbáyé, nítorí Báńkì náà ló ṣe onígbọ̀wọ́ fún páìpù Ìtòkí yìí. Wọ́n ní owó gbà-má-bínú tí wọ́n fún wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí oko wọn ń mú wá. Wọ́n ní ẹ̀rù ààbò ń bà wọ́n. Èyí tó dùn mí jù ni ti ìwé àyẹ̀wò àyíká, tó yẹ kó sọ fún wọn ohun tí páìpù lè ṣe fún ilẹ̀, omi àti ẹ̀mí wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn ará abúlé sì ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn fi ń gbọ́ nǹkan, pé nínú àwọn díẹ̀ tó mọ̀wé, Yorùbá ni ọ̀pọ̀ lè kà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2008, wọ́n rí i pé wọn kò ṣírò àdánù àwọn àgbẹ̀ náà bó ṣe yẹ, Báńkì sì gbà pé ó yẹ kí wọ́n fi kún owó wọn.

Owó ṣe é fi kún. Ìwé tí wọn kò kà fúnni kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ ńkọ́?

Òfin àyẹ̀wò àyíká ti wà láti 1992. Ó ní kí aráàlú ráyè sọ tẹnu wọn kí ìjọba tó fọwọ́ sí iṣẹ́, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé ìwé àyẹ̀wò náà sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 21. Àgbẹ̀ wo ni yóò fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ lóko, tí yóò wọ ọ̀kadà lọ jókòó ti ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹpẹtẹ? Òfin tó dá àjọ NOSDRA sílẹ̀ ní 2006 ní kí ilé iṣẹ́ tí epo rẹ̀ bá dà sílẹ̀ fi tó àjọ náà létí láàárín wákàtí 24, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa san 500,000 náírà lójúmọ́. Bí kò bá palẹ̀ epo náà mọ́, mílíọ̀nù kan náírà ni. Mílíọ̀nù kan! Kò ra ọkọ̀ àlòkù tó dáa lónìí. Ìtìjú ni iye yẹn, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin wa l'Ábújá ti yí i padà tipẹ́. Òfin epo rọ̀bì ti 2021 tún wá sọ pé bí wọ́n bá ba páìpù jẹ́ ní àdúgbò kan, inú owó ìdàgbàsókè àdúgbò náà ni wọn yóò ti yọ owó àtúnṣe. Èmi kò gbè lẹ́yìn àwọn tó ń lu páìpù. Ọ̀tá àdúgbò wọn ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a ó bá fi òfin jẹ odindi ìlú níyà, ó yẹ ká ti ka òfin náà sí wọn létí.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ le jù fún Yorùbá. Irọ́ ni. Àgbẹ̀ kò bi yín bí ẹ ṣe jó irin pọ̀. Ó ń béèrè bóyá òun lè gbin igi ọsàn lórí ibẹ̀, bóyá odò tí ìyàwó òun ń pọn yóò yí ojú padà, àti ẹni tí òun yóò pè bí òun bá gbóòórùn gáàsì lóru. Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní 1859, ní Yorùbá, fún àwọn ará Ẹ̀gbá. Kí ló wá dé tí ilé iṣẹ́ tó ní owó tó láti ri irin dé Gánà kò lè tẹ ìwé pélébé kan ní èdè yìí, kó sì san owó fún ilé iṣẹ́ rédíò OGBC àti Paramount FM láti kà á sórí afẹ́fẹ́?

Mo fẹ́ kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ní Òkè-Mosàn sọ ọ́ di dandan pé kí ilé iṣẹ́ kankan má fi ọkọ́ kan ilẹ̀ Ògùn fún páìpù láìka ìwé rẹ̀ ní èdè ìlú, níwájú baálẹ̀ àti àwọn tó ń dáko níbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àmọ́ ẹ̀yin tí páìpù gba ilẹ̀ bàbá yín kọjá ní Ìfọ̀, Ewékorò àti Ọbáfẹ́mi-Òwódé, ẹ má dúró de ìyẹn. Ẹ mú ọmọ yín kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dání, ẹ lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ ní ìwé àyẹ̀wò páìpù tó wà lóko yín lẹ wá rí, kí ọmọ náà sì kà á fún yín. Ẹ̀tọ́ yín ni.