Èkó Wo Lẹ Ń Jà Lé Lórí?

Ìdìbò 2027 ti ń sún mọ́lé, ìjà orúkọ sì ti tún bẹ̀rẹ̀ lórí Facebook àti X. Ẹnìkan á ní Lagos kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá, pé àwọn Potogí ló sọ ìlú náà bẹ́ẹ̀, torí náà ìlú tí kò ní baba ni. Ẹlòmíì á ní Èkó lorúkọ rẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá sì ni. Ẹ̀kẹta á wá já wọlé: ta ló sọ fún yín pé Èkó pàápàá jẹ́ Yorùbá? Èdè Ẹ̀dó ni! Kílẹ̀ tó mọ́, èébú ti gba ibẹ̀ kan.

Ó ti kọjá eré. Nígbà ìdìbò gómìnà ní March 2023, wọ́n lé àwọn kan kúrò nídìí àpótí ìbò torí pé wọ́n jọ Ìgbò lójú àwọn tó ń lé wọn. Àwọn ọmọ Yorùbá kan wà lára wọn o.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ní èdè Potogí, "lagos" ni àwọn adágún omi. Ìlú kan ṣì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gúúsù Pọ́túgà títí dòní, "Lágúṣì" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àwa gbà á lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, a sọ ọ́ di Légọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí gé e kù sí Las, ẹ tún fi Gidi kún un. Àlejò tó wọkọ̀ ojú omi dé rí ọ̀sà, ó sọ ohun tó rí. Ẹni tó bá ní torí èyí ìlú ò ní baba, kó wo Cameroon: edé tí Potogí rí nínú odò ibẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ṣé edé ló wá ni ilẹ̀ náà?

Èkó ńkọ́? Ìtàn méjì ló gbajúmọ̀. Àwọn Àwórì ní oko ni, oko ata Arómirẹ́, tó yí padà lẹ́nu di Èkó. Àwọn Ẹ̀dó ní "eko" ni àgọ́ lédè tàwọn, ibi tí ọmọ ogun Ọba Bìní dó sí. Tí ẹ bá bi mí, ti Ẹ̀dó ló wọ̀ mí létí jù. Oko, ohùn àárín méjì ni. Èkó, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè ni, ibẹ̀ sì jìnnà síra wọn. (Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń pè é ní "Ékò" bíi pé ó ti London dé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yé é ṣe bẹ́ẹ̀.) Ẹ tún wo Ìdúmọ̀tà àti Ìdúmàgbò: ìbẹ̀rẹ̀ wọn jọ ọ̀rọ̀ Ẹ̀dó fún àdúgbò. Kí ló burú níbẹ̀? Ààfin Ọba Èkó fúnra rẹ̀, Ìgá Ìdúngànràn, orí oko ata Arómirẹ́ yìí kan náà ni ìtàn ní wọ́n kọ́ ọ sí. Bìní wà níbẹ̀, Àwórì wà níbẹ̀, lórí pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo.

Orúkọ kì í sì í ṣe ìwé ilẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Àpápá, Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ tó ń dé fìlà funfun, gbé ẹjọ́ náà dé Privy Council ní London. Herbert Macaulay bá a rìnrìn àjò náà ní 1920. Ní 1921 wọ́n dá Olúwa láre: ti ẹbí àti ti ará ìlú ni ilẹ̀, olóyè kàn ń mójú tó o ni, àdéhùn 1861 tí wọ́n fi gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ò sì pa ẹ̀tọ́ yẹn rẹ́. Àṣà ilẹ̀ ni wọ́n fi dájọ́, kì í ṣe ìtumọ̀ orúkọ.

Èyí tó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu jù ni pé a ò fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí Èkó wà. Ìyá àgbà kan l'Ágége á wọ aṣọ tán, á ní "mò ń lọ s'Ékòó". Ṣebí Èkó ló wà? Rárá o, Ìdúmọ̀tà ló ń lọ. Ẹni tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ ní tiẹ̀, tó bá ti bọ́ọ́lẹ̀ ní Berger, ó ti dé Èkó nìyẹn. Ìjọba ìpínlẹ̀ pàápàá mọ̀ ọ́n: IBILE tí wọ́n máa ń pè, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹkùn kan: Ìkẹjà, Badagry, Ìkòròdú, Lagos, Ẹ̀pẹ́. Ẹ rí i? Ọ̀kan nínú márùn-ún ni Lagos. Títí di 27 May 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni mẹ́rin yòókù wà, Èkó sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí olú ìlú Nàìjíríà.

Torí náà, ẹni tó bá fi ìtàn àgọ́ ogun orí erékùṣù kan ṣàlàyé ẹni tó ni Ìkòròdú, ó fo omi tí kò ní afárá. Ògù tó wà ní Àgbádárìgì ńkọ́? Yorùbá kọ́ lèdè ilé rẹ̀, kò sì ti ibì kankan ṣí wá lánàá. Gbogbo ariwo "onílẹ̀" àti "àlejò" yìí, ẹ ò dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láàárín 2016 sí 2017, wọ́n fi agbára lé àwọn ará Otodo Gbame kúrò létí ọ̀sà ní Lẹ́kí, apẹja Ògù ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kóòtù Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ní 2017 pé ohun tí wọ́n ṣe fún wọn lòdì sí òfin. Ilé ti wó lulẹ̀ nígbà yẹn.