Ẹ̀kọ́ Wangari Maathai fún Pópó Yemọja

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá kan rọ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn odò kún bo bèbè, omi gbé ilé àti afárá lọ, ẹ̀mí tó lé ní 100 sì bá a lọ. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án, tí Wangari Maathai, ọmọ ilẹ̀ Kẹ́nyà, jáde láyé. Ohun tí obìnrin yìí fi ayé rẹ̀ ṣe wúlò fún Ìbàdàn títí di òní.

Ẹni tó bá mọ Pópó Yemọja, níbi tí ojúbọ òrìṣà omi wà, yóò tètè lóye ìtàn rẹ̀. Nígbà tí Maathai wà lọ́mọdé ní agbègbè Nyeri, ìyá rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣẹ́gi ìdáná lára igi ọ̀pọ̀tọ́ kan tó wà létí ìsun omi, nítorí pé igi Ọlọ́run ni. Nígbà tó fi ka ìwé dé láti Amẹ́ríkà, wọ́n ti gé igi náà, ìsun omi sì ti gbẹ. Èèwọ̀ ló ti ń ṣọ́ omi láti ọjọ́ yìí wá.

Lọ́dún 1977, ó dá ẹgbẹ́ Green Belt Movement sílẹ̀. Àwọn obìnrin abúlé ló gbé iṣẹ́ igi gbígbìn lé lọ́wọ́, ó sì ń fún wọn ní owó díẹ̀ lórí igi kọ̀ọ̀kan tó bá yè. Wọ́n lù ú, wọ́n tì í mọ́lé, kò yẹsẹ̀. Nígbà tó gba Ẹ̀bùn Nobel fún Àlàáfíà lọ́dún 2004, òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á, igi tí ẹgbẹ́ náà ti gbìn sì ti lé ní 30 mílíọ̀nù.

Ìbàdàn náà ti náwó. Omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn àgbà nígbà tí ti 2011 dé, Báńkì Àgbáyé sì fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2014 láti fi dènà rẹ̀. Kọnkéré àti afárá dára. Àmọ́ bí òjò bá ṣú, àwọn kan ṣì ń gbé pàǹtí jáde kí àgbàrá lè bá wọn wọ́ ọ lọ sódò. Ẹni tó ní kò sí ibi ìdalẹ̀nù nítòsí kò purọ́, ṣùgbọ́n ilé ẹlòmíràn ni pàǹtí náà ń dí omi sí.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí ìjọba gbé ibi ìdalẹ̀nù dé Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Pópó Yemọja, kí ó sì yọ díẹ̀ nínú owó omíyalé fún àwọn ìyá àdúgbò tó ń gbé létí odò. Kí wọ́n máa sanwó fún wọn lórí igi tó yè àti bèbè tó mọ́. Àwọn tí omi kọ́kọ́ ń wọ ilé wọn ni yóò mọ odò ọ̀hún ṣọ́ jù.