ẸSẸ̀ TÓ WỌ PẸ́DÀ, KÓ MỌ Ọ̀NÀ ÀTIJÁDE

"Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!" Láti ọdún 1967 tí ogun abẹ́lé ti dé ìlú náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti di àṣamọ̀ lẹ́nu Yorùbá. Lóde òní, ìjà mìíràn ló wà lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, ìjà oníkẹ̀kẹ́ pẹ̀lú tírélà tó ru gẹdú. Ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ wọ márosẹ̀ Èkó sí Benin, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há nígbà tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, ẹni náà ti rí ìjà Ọ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó ń há ẹsẹ̀ ọ̀hún ni pẹ́dà. Ẹ wò ó báyìí. Ká sọ pé ìyá kan ń ta gààrì lọ́jà Ọ̀rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, ó sì fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ eré ìje bí ojú. Wọ́n ra tòkúnbọ̀ kan fún un. Kẹ̀kẹ́ fúyẹ́, ó ń dán, táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Àmọ́ pẹ́dà rẹ̀ kò jọ pẹ́dà. Ó kéré, ó rí wọ́gọwọ̀gọ, sálúbàtà ń yọ̀ lórí ẹ̀ bí ẹni tẹ ilá. Ìyá bá wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi wo pẹ́dà yìí, ó jọ pé ó ti kán."

"Ẹ kú ọjà, ìyá. Kò kán o. Bàtà ẹ̀ ni kò sí níbẹ̀."

"Bàtà kẹ̀? Pẹ́dà náà tún ń wọ bàtà?"

"Bàtà ló ń wọ inú pẹ́dà, ìyá. Yóò ró 'kẹ́ṣẹ́' bí ìgbà tí èèyàn ti àgádágodo pa."

Òótọ́ ni bàbá sọ. Láyé ijọ́un, irin àti okùn awọ ni àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje fi ń de ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní láti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ tú okùn. Ní ọdún 1984 ni ilé iṣẹ́ LOOK ti ilẹ̀ Faransé, tó ti ń ṣe ìdè bàtà fún àwọn tó ń yọ̀ lórí yìnyín, gbé ọgbọ́n náà wá sórí kẹ̀kẹ́. Ní 1985, Bernard Hinault fi gba ife Tour de France. Nígbà tó di 1990, Shimano ti ilẹ̀ Japan gbé tiwọn jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé eré òyìnbó lásán ni. Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, ló borí nígbà mẹ́ta nínú Tour de France ọdún 2024, òun sì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó borí lọ́jọ́ kan níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìlú Kigali ní Rwanda ni wọ́n ti du ife àgbáyé ti kẹ̀kẹ́ ojú ọ̀nà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn nílẹ̀ Áfíríkà. Nítorí náà, ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ kò ṣe wèrè.

Ṣùgbọ́n èwo ni kéèyàn rà? Iṣẹ́ tí kẹ̀kẹ́ ń ṣe ni kó sọ ọ́.

Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ kó epo tàbí kòkó láti oko Odígbó, tó ń gùn tó ń sọ̀, pẹ́dà pẹrẹsẹ ni tirẹ̀. Kó má dán òmíràn wò.

Ẹni tó ń sáré, àmọ́ tó tún ń sọ̀ kalẹ̀ níbi kòtò, níbi ẹrẹ̀ àti níbi tí ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró, kó ra oníhò méjì. Irin kékeré ni wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ bàtà rẹ̀, ó rì sínú àtẹ́lẹ̀, èèyàn lè fi rìn wọ ọjà. Òmíràn wà tí apá kan rẹ̀ jẹ́ pẹrẹsẹ, tí apá kejì ń mú bàtà.

Oníhò mẹ́ta ni ti eré ìje gan-an, fún ọ̀nà ọ̀dà gígùn bíi ti Ọ̀rẹ̀ sí Oǹdó. Ó fẹ̀, kì í jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ dun èèyàn. Àléébù rẹ̀ ni pé rọ́bà líle ló wà lábẹ́ bàtà, ó yọ sí ìta, ẹni tó wọ̀ ọ́ yóò máa rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ. Bí rọ́bà náà bá sì jẹ tán, ó lè já ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójijì.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọ̀ rọ́bà yìí o. Ní ti Shimano, pupa kì í jẹ́ kí gìgísẹ̀ mì rárá, yẹ́lò ló ń fún un láyè jù. Ní ti LOOK Keo, pupa gan-an ló ń fúnni láyè jù, dúdú ni kò fúnni láyè. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n gùn, kó ra èyí tó ń fúnni láyè, kí orúnkún má baà máa ro ó. Rọ́bà ti LOOK kò sì bá pẹ́dà Shimano mu.

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ẹ má fi agídí ba kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́ jẹ́. Pẹ́dà òsì kì í tú bíi ti ọ̀tún. Ẹ na ọwọ́ sípánà sókè, kí ẹ wá fà á sí ọ̀nà táyà ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni pẹ́dà méjèèjì ṣe ń tú. Síwájú ni wọ́n sì ń fún un sí. Ẹ fi gírísì díẹ̀ sí i.

Ọmọ tó fẹ́ kọ́ ọ, kó kọ́kọ́ dẹ ìdè náà, ṣúkúrù kékeré kan wà fún un lára pẹ́dà. Kó fara ti ògiri, kó yí gìgísẹ̀ síta kí ẹsẹ̀ jáde, kó ṣe é títí yóò fi mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn náà kó lọ sórí koríko. Ibi dídúró ni wọ́n ti ń ṣubú jù, kì í ṣe ibi eré. Kí ẹsẹ̀ kan ti jáde kí kẹ̀kẹ́ tó dúró. Ẹni tí kò tíì mọ èyí bí ẹni mọ orúkọ ara ẹ̀, kó má dé márosẹ̀.

Ní ti owó, ẹni tó ra pẹ́dà láìra bàtà, ọmọ odó ló rà láìra odó. Bí owó kò bá tíì pé, kó ní sùúrù.

"Bàbá, ẹ bá a fi pẹrẹsẹ sí i," ni ìyá wí nígbà tó gbọ́ àlàyé. "Ẹ bá a di èyí sínú lỌ́rà. Tó bá gbòmìnira tán, kó fowó ara ẹ̀ ra bàtà."

Ọmọ fajú ro. Àmọ́ lórí kẹ̀kẹ́ náà ló gùn dé ilé láyọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì pé.