Ta Ní Ń San Owó Ìrànwọ́ Orí Òjé?



Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí a ń rà ní ìsàlẹ̀ ₦200 lítà kan fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. A gbọ́. Ṣùgbọ́n owó ìrànwọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tí ì fagi lé. Àwa òṣìṣẹ́ ni a ń fi ara wa san án fún àwọn tó ni iléeṣẹ́ tí ń yọ́ bátìrì àlòkù.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ bátìrì kan. Ó kú sínú ọkọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Riwáyà tà á fún ẹni tí ń ra kọ́ńdẹ́mù kiri. Ọkọ̀ gbé e lọ sí Ògijo ní Rẹ́mọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ́ ọ, tí wọ́n sì ń yọ́ òjé inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkèèrè.

Òfin kò gbà kí a kó irin àlòkù lásán jáde nílẹ̀ yìí. Nítorí náà, iye tí iléeṣẹ́ abẹ́lé bá dá ni ẹni tó ṣà á jọ yóò gbà. Ẹni tó bá yọ́ ọ ló lè kó o jáde. Fún àwọn tí ń kó ọjà tí a ti ṣe jáde, ìjọba tún ní ètò Export Expansion Grant, tí òfin rẹ̀ wà láti 1986. A kò sọ pé kí ìjọba má ran iléeṣẹ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ là ń wá. Ìbéèrè wa ni pé, èwo nínú ìrànwọ́ wọ̀nyí ló dé ọwọ́ ẹni tí ń fọ́ bátìrì?

Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ tí ń sẹ́ èéfín, tó ra ìbomú àti aṣọ iṣẹ́, ìnáwó rẹ̀ pọ̀, kò lè fi owó ńlá ra bátìrì. Ẹni tí kò ra nǹkan kan ló lè fi náírà lé e, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọjà ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni oníwàkiwà ṣe ń lé oníwà rere kúrò lọ́jà.

Ní 2025, àwọn oníròyìn ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ènìyàn 70 ní agbègbè àwọn iléeṣẹ́ náà. Nínú ènìyàn 10, ẹ̀jẹ̀ 7 ní òjé tó lè ṣe ìpalára. Kò sí òṣìṣẹ́ kan tó yọ. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar, ọmọdé 18 ló kú nítorí iṣẹ́ bátìrì àlòkù ní 2007 sí 2008. Wọ́n ní iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ní í pani. Iṣẹ́ yìí ń pani, ìṣẹ́ kò sì fi wá sílẹ̀!

Òfin ìṣàkóso bátìrì ti wà láti 2024. Kí ìjọba lò ó. Ohun tí a ń béèrè nìyí:

Iléeṣẹ́ tí èéfín rẹ̀ kò mọ́, kó má rí kọ́bọ̀ ìjọba gbà.

Kí agbanisíṣẹ́ máa sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́.

Kí ẹni tó bá kó bátìrì wá lódindi, tí kò da ásíìdì rẹ̀ sílẹ̀, rí owó lé e.

Bí wọ́n bá ti iléeṣẹ́ pa, kí owó oṣù má dúró.

Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n mọ́. Ẹ má ta ara yín lọ́pọ̀. Ìṣọ̀kan ni agbára wa!